Eruku Aláwọ̀ Aró: Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àti Jẹjẹrẹ Awọ Ẹ̀dọ̀fóró

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni orúkọ àpapọ̀ tí a fi ń pe oríṣi òkúta mẹ́fà tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì yàtọ̀ sí òkúta yòókù ní ti pé bí a bá fọ́ wọn, wọn kì í fọ́ sí ègé lásán, ńṣe ni wọ́n máa ń ya sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ lè tú, tí a sì lè ran, kí a fi hun aṣọ bí ẹni ń lo òwú. Iná kì í jó fọ́nrán yìí, omi kì í mú un jẹrà, ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì wọ́n lọ́jà. Nítorí ìwọ̀nyí ni àwọn onílé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe tẹ́wọ́ gbà á láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi ń wé páìpù omi gbígbóná, tí wọ́n fi ń ṣe bíréèkì ọkọ̀, tí wọ́n fi ń tẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi kí iná má baà ràn, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páìpù, òrùlé àti àjà ilé. Mẹ́ta nínú mẹ́fà náà ló gba ọjà kan: funfun, tí wọ́n ń pè ní chrysotile, tí fọ́nrán rẹ̀ máa ń ká kò, búráùn, tí wọ́n ń pè ní amosite, àti aláwọ̀ aró, tí wọ́n ń pè ní crocidolite, tí fọ́nrán rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, tó sì tín-ín-rín ju ti àwọn yòókù lọ. Ti aláwọ̀ aró yìí ni àlàyé yìí yóò dá lé jù, nítorí òun ló kọ́kọ́ tú àṣírí jẹjẹrẹ tí eruku òkúta yìí ń fà fún gbogbo ayé.

Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1959 wọ inú àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń po ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní Ìkẹjà àti ní Emene lẹ́bàá Enugu, ohun tí wọ́n ń ṣe sì wọ ilé ìjọba, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé àdáni débi pé títí di òní, pátákó àjà tí káfíńtà bá fẹ́ kàn, ì báà ní òkúta náà nínú, ì báà má ní in, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́ kò mọ ohun tí eruku rẹ̀ ń ṣe nínú ara, nítorí pé àrùn tó ń fà kì í tètè yọjú, ibi tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i gbangba jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá: ìgbèríko gbígbẹ kan ni, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, létí odò Orange.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ẹ̀dọ̀fóró lóde, ìṣẹ́po kejì awọ yìí kan náà sì lẹ̀ mọ́ inú igbá-àyà. Omi díẹ̀ ló wà láàrin àwọn méjèèjì, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró lè fẹ̀, kó sì sún kì, láìha egungun ìhà nígbà tí ènìyàn bá ń mí. Irú awọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ikùn, ó sì tún yí ọkàn ká. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn ń pè ní mesothelioma, ó sì yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn amusìgá sábà máa ń ní, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ń fa méjèèjì, ó sì ń fa ìkẹta tí wọ́n ń pè ní asbestosis, nínú èyí tí àpá ti máa ń bo inú ẹ̀dọ̀fóró títí tí yóò fi le gbandi, tí atẹ́gùn kò sì ní í ráyè wọlé bó ti yẹ mọ́. Ẹni tó bá ń mu sìgá tó sì tún ń fa eruku yìí símú, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ máa ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po, gẹ́gẹ́ bí Irving Selikoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ṣùgbọ́n sìgá kò lọ́wọ́ nínú mesothelioma rárá, ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí lè ní in.

Níbi tí eruku yìí kò bá sí, ènìyàn kan tàbí méjì péré nínú mílíọ̀nù kan ló ń ní mesothelioma lọ́dún. Ọ̀wọ́n tí àrùn náà wọ́n yìí ló sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé já ní koro: níbikíbi tí dókítà bá ti bá a lára ènìyàn púpọ̀ ládùúgbò kan, kó yáa béèrè ibi tí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà. (Àfi ní àwọn abúlé kan ní Cappadocia, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, níbi tí òkúta mìíràn tí ń jẹ́ erionite, tí fọ́nrán rẹ̀ jọ ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ti ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà.)

Eruku tí ojú rí, tí imú sì lè sín jáde, kọ́ ni olórí ewu. Fọ́nrán tí ìbú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń bá èémí lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ìdọ̀tí mì yóò dojú kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gùn jù wọ́n lọ. Wọn yóò gbé apá kan mì, apá kejì yóò yọ síta, níbi tí wọ́n sì ti ń bá a fà á ni wọn yóò ti máa tú èròjà tí ń fa ara wíwú sílẹ̀. Fọ́nrán aláwọ̀ aró ní irin nínú, kì í sì í tètè yọ́ nínú ara, ó lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Díẹ̀díẹ̀ ni òmíràn nínú wọn ń rìn dé awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí wíwú tí kò dáwọ́ dúró, àti sẹ́ẹ̀lì tí ń kú tí òmíràn sì ń bọ́ sípò rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, yóò ti da ètò ìbísí inú sẹ́ẹ̀lì rú, títí ọ̀kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ ìdádúró. Ó kéré tán, ogún ọdún ni èyí sábà máa ń gbà, ó sì lè tó ogójì tàbí àádọ́ta. Ìdádúró gígùn yìí ni kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ìtàn ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, nítorí òun ló fún oníṣòwò láyè láti jẹ èrè tán kí ìyà tó dé, òun náà ló sì jẹ́ kó rọrùn láti sọ pé ohun mìíràn ló pa òkú.

Ní ọdún 1893 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cape Asbestos sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa wa ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró ní agbègbè Prieska, Koegas àti Kuruman, ní ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà tí a mẹ́nu bà lókè. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, òjò kò pọ̀, oko kò sì bọ́ ènìyàn yó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ kò pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ìdílé ìdílé ni wọ́n ń ṣe é, ọkùnrin a wa òkúta, obìnrin àti ọmọ a jókòó ti òkìtì, wọn a máa fi òòlù kékeré kan òkúta náà títí fọ́nrán yóò fi bọ́ kúrò lára àpáta. Ìwọ̀n fọ́nrán tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kó wá ni wọ́n ń sanwó lé lórí, kì í ṣe iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, nítorí náà ìyá ọlọ́mọ kò lè fi òkìtì sílẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti lè di òòlù mú ti di òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìlọta dé àárín ìlú Prieska fúnra rẹ̀, ó sì ń tú eruku sórí ilé olówó àti tálákà, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Pàǹtí tó kù lẹ́yìn ìlọta ni wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dà sí pápá ìṣeré. Àwọn ọmọdé a máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí òkìtì rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lo ọmọdé kò mọ sí agbègbè yìí. Ní Penge, ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí wọ́n ti ń wa ti búráùn, dókítà ìjọba kan tó ń jẹ́ Gerrit Schepers ṣe àbẹ̀wò ní ọdún 1949, ó sì bá àwọn ọmọdé tí wọ́n kó sínú àpò ńlá kí wọ́n lè máa fi ẹsẹ̀ ki fọ́nrán mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, tí alábòójútó kan dúró tì wọ́n tòun ti pàṣán. Nígbà tí wọ́n ya èkísíréè fún wọn, àwọn kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá ti ní asbestosis. Ó ṣòro láti rí ẹ̀rí tó burú jù èyí lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ nípa iṣẹ́ kùsà ní Áfíríkà, àti pé oníròyìn kọ́ ló rí i, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lọ síbẹ̀ lórí iṣẹ́ ni.

Ibi tí àṣírí ti tú ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ìlú Kimberley. Ní àwọn ọdún 1950, oògùn tuntun tí ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dé, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, Christopher Sleggs, sì ṣàkíyèsí ohun kan tó rú u lójú: àwọn aláìsàn tó wá láti ìlà-oòrùn ìlú náà ń gba oògùn, ara wọn sì ń yá, ṣùgbọ́n àwọn kan tó wá láti ìwọ̀-oòrùn, tí omi kún àyà wọn, tí awọ ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ti nípọn, kò gbọ́ oògùn, ńṣe ni wọ́n ń rù títí wọ́n fi kú. Ìwọ̀-oòrùn yẹn ni òkè ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà. Ní Johannesburg, ní oṣù kejì ọdún 1956, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe àyẹ̀wò òkú ní ilé ìwádìí àrùn eruku, John Christopher Wagner, la àyà ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí wọ́n rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, ó sì bá kókó kan níbẹ̀ tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tó ti gba àyà náà kan. Nígbà tó fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà, ó rí àmì fọ́nrán ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì.

Wagner, Sleggs àti Paul Marchand, tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àyà, bá da ọwọ́ pọ̀. Wọ́n kó ẹran ara tí wọ́n ti gé lára àwọn aláìsàn jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí dókítà kì í sábà béèrè: níbo ni wọ́n ti bí ẹni yìí, níbo ló gbé ní kékeré, iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe? Ní ọdún 1960 ni wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn 33 ni wọ́n kà, ọkùnrin 22 àti obìnrin 11. Bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, gbogbo wọn ló ti bá ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì pàdé lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ohun tó yẹ kó ba oníṣòwò lẹ́rù jù nínú ìwé náà ni irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Awakùsà wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé, ọmọ ọ̀dọ̀, darandaran, àgbẹ̀, aṣojú ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan àti oníṣirò owó kan náà wà níbẹ̀. Àwọn kan kò ṣiṣẹ́ nídìí òkúta náà rí. Ńṣe ni wọ́n gbé nítòsí rẹ̀ ní èwe, tí wọ́n sì ti fi agbègbè náà sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bí eruku bá lè pa oníṣirò owó nítorí pé ó ṣeré nínú rẹ̀ nígbà èwe, a jẹ́ pé kò sí òfin tó mọ sí ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó lè tó láti dáàbò bo ará ìlú.

Ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò bá àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lójijì. Láti ọdún 1898 ni Lucy Deane, tó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-iṣẹ́ fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé eruku ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì mú ṣóńṣó, ó sì ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ léṣe. Ní ọdún 1924, obìnrin kan tó ń ran fọ́nrán náà ní Rochdale, Nellie Kershaw, kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti san owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n dókítà W. E. Cooke, tó yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, kọ ohun tó rí jáde, òun náà ló sì sọ àrùn ọ̀hún ní asbestosis. Nígbà tí Merewether àti Price ṣe ìwádìí fún ìjọba, tí wọ́n sì jábọ̀ ní ọdún 1930, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti ní àpá lẹ́dọ̀fóró. Òfin tó tẹ̀lé e ní ọdún 1931 pàṣẹ pé kí wọ́n máa fa eruku jáde nínú ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà kò dé Prieska. Cape Asbestos kan náà tí òfin yìí dè ní Barking, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni obìnrin àti ọmọ ń fọ́ òkúta fún ní etí odò Orange láìsí ohun kankan tó bo imú wọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ ẹni tí ìjọba kà sí ènìyàn, àti ẹni tí kò kà sí.

Ìwé ọdún 1960 náà kò dá ọjà dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé ìwádìí Johannesburg yìí kan náà tún lọ ya èkísíréè fún àwọn ará agbègbè kùsà, àwọn oníṣòwò ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì sì wà lára àwọn tó dá owó rẹ̀. Nígbà tó hàn pé àwọn tí kò ṣiṣẹ́ kùsà rí náà ti ní àbùkù lẹ́dọ̀fóró, wọn kò tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1965, Muriel Newhouse àti Hilda Thompson fi irú nǹkan kan náà hàn ní Lọ́ńdọ̀nù: nínú àwọn aláìsàn mesothelioma tí wọ́n ṣe ìwádìí wọn, mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ará ilé wọn ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí aṣọ iṣẹ́ ẹni náà sì ń gbé eruku wọlé wá bá wọn, àwọn mìíràn sì gbé nítòsí ilé-iṣẹ́ Barking. Síbẹ̀ náà ni ìwakùsà ń pọ̀ sí i ní Gúúsù Áfíríkà títí ó fi dé góńgó ní ọdún 1977, nígbà tí wọ́n wa nǹkan bí 380,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan.

Ní ọdún 1997 ni àwọn ará Prieska àti Penge pe ilé-iṣẹ́ náà, tó ti ń jẹ́ Cape plc nígbà náà, lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ jiyàn lórí eruku. Ohun tó sọ ni pé Gúúsù Áfíríkà ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ìyẹn níbi tí kò sí owó ìrànwọ́ tí àwọn tálákà yóò fi gba agbẹjọ́rò fún irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2000, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a pé kí ẹjọ́ náà máa lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé dídá a padà yóò jẹ́ àìṣe ìdájọ́ òdodo. Ìdájọ́ yìí di àwòkọ́ṣe fún àwọn ẹjọ́ mìíràn tí àwọn ará Áfíríkà ti pe ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láti ìgbà náà. Owó ńkọ́? Mílíọ̀nù 21 pọ́ùn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí ní ìparí ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ náà kò sì rí i san, mílíọ̀nù 7.5 pọ́ùn ló padà san ní ọdún 2003, fún nǹkan bí olùpẹ̀jọ́ 7,500. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹgbẹ̀rún pọ́ùn kan ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kí owó náà tó dé.

Ilẹ̀ agbègbè kùsà náà kò tíì mọ́. Jock McCulloch, òpìtàn ará Ọsirélíà tó kọ ìwé lórí àwọn ibi ìwakùsà yìí, tó sì lọ sí agbègbè náà ní àwọn ọdún 1990 láti ṣe ìwádìí, kú ní oṣù kìíní ọdún 2018. Mesothelioma ló pa á.

Ohun tí alárùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni kí èémí máa wọ́n ọn nígbà tó bá gun òkè tàbí àtẹ̀gùn, kí ẹ̀gbẹ́ kan máa dùn ún, kó máa rù láìmọ ìdí, kí ikọ́ má sì lọ. Omi tó rọ́ sí àyà ni dókítà máa ń fà, àlàáfíà díẹ̀ yóò wà, omi náà yóò sì tún padà. Èkísíréè nìkan kò tó láti mọ̀ ọ́n. Ó di dandan kí wọ́n gé ẹran ara díẹ̀ yẹ̀ wò. Oògùn méjì, pemetrexed àti cisplatin, ni wọ́n ń lò pọ̀ láti ọdún 2004, láti ọdún 2020 ni wọ́n sì ti gba oògùn nivolumab àti ipilimumab láàyè ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń ran àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti gbógun ti jẹjẹrẹ náà. Oṣù díẹ̀ ni oògùn wọ̀nyí sábà máa ń fi kún ẹ̀mí. Kò tíì sí èyí tó ń wò ó tán.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi òfin de aláwọ̀ aró àti búráùn ní ọdún 1985, tó sì de funfun ní ọdún 1999, ṣì ń sin ènìyàn tó lé ní 2,000 lọ́dọọdún nítorí mesothelioma, torí pé eruku àtijọ́ ni wọ́n ń san gbèsè rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà fi òfin dè é ní ọdún 2008. Ní Rọ́ṣíà, Kasakísítánì àti Ṣáínà, wọ́n ṣì ń wa ti funfun, àwọn tó ń tà á sì ń sọ pé èyí kò léwu bí aláwọ̀ aró. Òótọ́ ni pé agbára rẹ̀ láti fa mesothelioma kò tó ti aláwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń fa jẹjẹrẹ. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti kọ ti funfun sínú ìwé àdéhùn Rotterdam, èyí tó kàn ní kí olùtajà sọ ewu ọjà rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ rà á. Ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé ni àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ ń dènà rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọjà òun kò yẹ ní ẹni tí a ó gba ẹ̀rí rẹ̀ lórí bóyá ọjà náà léwu.

Ní Nàìjíríà, ewu tó kù wà lókè orí. Òrùlé tàbí àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó wà lódidi, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kì í tú fọ́nrán púpọ̀ sílẹ̀, nítorí sìmẹ́ńtì ló dì í mú. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ kò nílò láti sá jáde lóru. Ìgbà tí wọ́n bá fi ayùn gé e, tí wọ́n lù ú nihò, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ewédò orí rẹ̀, tàbí tí wọ́n já a lulẹ̀ kó fọ́ yángá, ni eruku rẹ̀ ń jáde, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 sì ti dé ìgbà tí wọ́n ń wó wọn tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé wọn. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní i nínú, nítorí náà pátákó àtijọ́ ni kí a kà sí èyí tó ní i. Kí wọ́n fi omi rin ín gbingbin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ dípò kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódidi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó nípọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, kí wọ́n má sì fi àwókù rẹ̀ dí kòtò ojú ọ̀nà. Ìbomú olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń bo imú nítorí òtútù kò gba ènìyàn lọ́wọ́ fọ́nrán yìí. Aṣọ tí káfíńtà fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a dé ilé, nítorí ọmọ tó bá gbá mọ́ra. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tó ń sọ ibi tí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ilé-iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000, kí wọ́n tó gbé òòlù.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe òrùlé náà rí, tàbí tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gé e, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà rẹ̀ bí èémí bá ń wọ́n ọn, kódà bí wọ́n bá ti ń wò ó fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó má sì mu sìgá mọ́ ọn. Ní ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n ka iye ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tó ṣì ní òrùlé yìí, kí wọ́n yan ibi tí a ó máa sin àwókù rẹ̀ sí, kí wọ́n sì kọ ìlànà ìtúkalẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ àtúnṣe kankan fún agbaṣẹ́ṣe.